Ìpinnu àná, ayé òní: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí nípa ìtàn

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ìtàn, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń padà wá, kálukú kàn ń gbé e wá lọ́nà tiẹ̀ ni: kí ló kan àwa nínú ohun táwọn tó ti kú jókòó pinnu nígbà tí wọn ò tíì bí wa? Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Àwọn ìdáhùn kan gùn torí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ò gùn rárá.

Kí lẹ ń pè ní "ìpinnu" gan-an? Ṣé ogun àti ọ̀gbẹlẹ̀ náà wà nínú ẹ̀?

Ogun wà nínú ẹ̀, torí ẹnìkan ló máa ń pàṣẹ pé kó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni ìgbà tí èèyàn kan tàbí ìgbìmọ̀ kan ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta níwájú, tí wọ́n mú ọ̀kan, tí wọ́n fọwọ́ sí i, táwọn yòókù sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgbé ayé wọn yí i ká. Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lè jóná, àwọn kọ̀kòrò lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ilé téèyàn ti kọ́, iṣẹ́ tó ti kọ́, èdè tó fi ń kọ lẹ́tà, gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀, ìyẹn ò ní bá ìwé lọ.

Ṣé ìpinnu tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rò dénú lè yí ayé àìmọye èèyàn padà?

Ẹ jẹ́ ká wo Kòríà. Lálẹ́ ọjọ́ 10 mọ́jú ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1945, ní Washington, Jàpáàn, tó ń ṣàkóso Kòríà nígbà yẹn, ti fẹ́ túúbá, àwọn ṣójà Soviet ti ń wọ Kòríà láti òkè, Amẹ́ríkà sì fẹ́ mọ ibi tí tiwọn máa dúró sí. Wọ́n ní kí ọ́fíṣà méjì, Dean Rusk àti Charles Bonesteel, lọ wá ibi tí wọ́n máa pín ilẹ̀ náà sí, wọ́n sì fún wọn ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn méjèèjì ò mọ Kòríà. Máàpù National Geographic kan ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ìlà 38, ọ̀kan lára àwọn ìlà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilẹ̀ ayé, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín méjì kọjá, àti pé Seoul tó jẹ́ olú ìlú máa bọ́ sọ́dọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá gba ibẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fáwọn ọ̀gá, Soviet náà gbà, ó parí.

Ìlà yẹn ò tẹ̀ lé odò, ò tẹ̀ lé òkè, oko olóko àti àárín abúlé ló gbà. Ibi táwọn ṣójà máa dúró sí fúngbà díẹ̀ ni wọ́n wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ní òun fẹ́ dá orílẹ̀-èdè méjì sílẹ̀. Lọ́dún 1948 ó ti di méjì. Lọ́dún 1950 ogun bẹ́, lọ́dún 1953 wọ́n dáwọ́ ìjà dúró, wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí dòní. Lọ́dún 2018 wọ́n ṣètò káwọn mọ̀lẹ́bí díẹ̀ tó wà lápá méjèèjì fojú kan ara wọn fún ọjọ́ mélòó kan, ìyá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 92, ó dì mọ́ ọmọ ẹ̀ ọkùnrin tó ti di ẹni ọdún 71, ọmọ ọdún mẹ́rin lọmọ yẹn nígbà tí wọ́n pínyà lójú ogun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kálukú tún wọ bọ́ọ̀sì padà sápá tiẹ̀. Èmi ò lè gbàgbé àwòrán yẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, máàpù kan.

Kí ló dé tí ìpinnu kan máa ń lẹ̀ mọ́ wa lára, tí gbogbo èèyàn bá tiẹ̀ ti gbà pé kò dáa?

Torí pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ló ń mú kí àtiyí i padà wọ́n sí i. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí èyí ni réluwéè Ọsirélíà, ẹ̀jẹ̀ ò sí nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní bí ọdún 1850 sí 1855, New South Wales, ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀, ní òun máa fi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́ta ṣe ìbú ojú irin òun, Victoria tó múlé gbè é ní kò burú, òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ ra ọkọ̀ àti irin. Ni New South Wales bá gba ẹnjiníà tuntun, ẹni yẹn ní rárá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íńṣì mẹ́jọ ààbọ̀ lòun fẹ́. Victoria ò gbà láti yí tiẹ̀, ó ti náwó. Queensland tún wá mú èyí tó tín-ín-rín ju ti àwọn méjèèjì lọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́fà, torí pé òun lowó ẹ̀ kéré jù.

Nígbà yẹn kò jọ wàhálà, torí pé ojú irin tí wọ́n ní ò ju díẹ̀ lọ, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Ọdún 1883 ni ti New South Wales àti ti Victoria pàdé ní Albury, ní ààlà wọn, ibẹ̀ lojú ti là. Ọkọ̀ ò lè kọjá. Gbogbo èrò tó ń lọ láti Sydney sí Melbourne máa sọ̀ kalẹ̀ ní Albury, wọ́n á gbé ẹrù wọn rìn lọ sínú ọkọ̀ mìíràn, ẹrù ọjà náà, wọ́n á tú u láti inú wágùnù kan sí ìkejì. Ọdún 1962 ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè gba Sydney dé Melbourne lójú irin kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Ó lé ní àádọ́rin ọdún, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò bójú mu.

Ohun tó so wọ́n mọ́lẹ̀ kì í ṣe agídí. Irin tó wà nílẹ̀ ti pọ̀, ọkọ̀ ti pọ̀, àwọn tó ń tú ẹrù ní Albury ń fi owó ẹ̀ bọ́ ọmọ, ibùdókọ̀ náà ti di ńlá. Ẹ fi ojú yẹn wo òfin ilẹ̀, ẹ fi wo ibi tí wọ́n kọ́ ìlú sí, ẹ fi wo èdè ilé ẹ̀kọ́. Bákan náà ni.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Berlin ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti fa gbogbo ìlà tó pín Áfíríkà?

Rárá o, òótọ́ ibẹ̀ sì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpàdé Berlin bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá 1884, ó parí lọ́jọ́ 26 oṣù kejì 1885, orílẹ̀-èdè 14 ló wà níbẹ̀, ọmọ Áfíríkà kankan ò jókòó pẹ̀lú wọn. Ohun tí wọ́n ṣe jù níbẹ̀ ni òfin tí wọ́n máa fi pín in: ẹni tó bá fẹ́ sọ pé etíkun ibi báyìí ti di tòun gbọ́dọ̀ sọ fáwọn yòókù, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlà fúnra wọn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fà á, méjì méjì, nínú ọ́fíìsì kéékèèké, lórí ìwé àdéhùn tí èèyàn díẹ̀ ló gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Ọdún 1889 ni Britain àti Faransé fọwọ́ sí èyí tó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ará Kétu, bọ́ sọ́dọ̀ Britain. Ọmọ ìyá kan náà, oríkì kan náà, ọ̀kan wá ń ṣe ìdánwò ní Faransé, ìkejì ń ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì, owó tí wọ́n ń ná yàtọ̀, lọ́yà wọn kọ́ òfin tó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àyálò tí wọ́n fi ń sọ Yorùbá pàápàá yàtọ̀. Kódà ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: níbi táwa ní Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì nísàlẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu wà báyìí. Èdè kan náà ni o. Ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì gbọ́ra wọn yé dáadáa, tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ á jọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ìlà ọdún 1889 ló fà á.

Àwọn tó ń ṣe irú ìpinnu báyìí, ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe?

Àwọn kan ò mọ̀, àwọn kan mọ̀, ó sì yẹ ká máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Cyril Radcliffe, lọ́yà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ní kó wá fa ìlà tó máa pín Íńdíà àti Pakistan. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tẹ Íńdíà rí. Ó débẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù keje 1947, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún un, pẹ̀lú máàpù àti ìwé ìkànìyàn tí kò péye, nínú ooru tó ń bẹ ẹ́ lára. Wọ́n gbòmìnira láàárín ọjọ́ 14 sí 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 17 ni wọ́n tó jẹ́ káwọn aráàlú rí ìlà náà, ìyẹn ni pé àwọn èèyàn fi ọjọ́ méjì ṣe àjọyọ̀ òmìnira láìmọ orílẹ̀-èdè tí ilé wọn wà. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn lọ tó sá kúrò nílé, àwọn tó kú jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye. Radcliffe dáná sun àwọn ìwé tó fi ṣiṣẹ́, ó kọ owó tí wọ́n fẹ́ san fún un, ó wọkọ̀ lọ, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ láyé ẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ọkùnrin yìí mọ̀ lẹ́yìn tó ti ṣe é tán.

Ti òjé inú pẹtiróòlù wá yàtọ̀. Lọ́dún 1921 Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, rí i pé tí wọ́n bá da èròjà òjé sínú pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnì ò ní máa kan gbàgbàgbà mọ́. Pé òjé jẹ́ májèlé, wọ́n ti mọ̀ yẹn láti ayé àtijọ́, kì í ṣe ìròyìn tuntun. Lọ́dún 1924 àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pò ó pọ̀ ní New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí wèrè, àwọn kan kú. Lọ́dún 1925 ìjọba Amẹ́ríkà pe ìpàdé lé e lórí, dókítà Alice Hamilton wà níbẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún wọn kedere. Wọ́n ṣì pinnu láti máa tà á. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ọmọ tó dàgbà lẹ́bàá títì ọkọ̀ níbikíbi láyé ń fa òjé sínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Algeria ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ta á fún mọ́tò, ọdún 2021 ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko láti ọjọ́ tí Midgley ti rí i. Inú ń bí mi tí mo bá ń kọ èyí, torí pé ní ti Radcliffe a lè sọ pé àkókò ò tó, ní ti òjé, wọ́n ní àkókò, wọ́n ní ìkìlọ̀, èrè ni wọ́n wò.

Ta ló ń san owó ìpinnu? Ṣé kì í ṣe ẹni tó ṣe é ni?

Kì í sábà jẹ́ òun. Bíbélì ti sọ ọ́, pé àwọn baba jẹ èso àjàrà kíkan, eyín àwọn ọmọ ló kan. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àwọn ẹrú Haiti dìde, wọ́n bá Faransé jà, wọ́n ṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804 ni wọ́n kéde pé àwọn ti dòmìnira. Ọdún 1825, Charles X ọba Faransé rán ọkọ̀ ogun lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan: ká tó lè gbà pé ẹ wà láàyè ara yín, ẹ máa san mílíọ̀nù 150 franc fáwọn tó ti ní oko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ohun ìní tí wọ́n pàdánù. Lára ohun ìní tí wọ́n ń sọ yẹn ni àwọn èèyàn náà fúnra wọn. Ẹni tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n fi ṣẹrú, tó ja ara ẹ̀ gbà, òun ni wọ́n ní kó san owó ara ẹ̀ fún ẹni tó jí i. Ààrẹ Boyer wo àwọn àgbá tó dojú kọ ìlú, ó fọwọ́ sí i.

Haiti ò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lè san ti àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 30, bánkì Faransé náà ni wọ́n lọ yá a lọ́wọ́ ẹ̀, bánkì sì yọ owó tiẹ̀ lórí kó tó fún wọn, mílíọ̀nù 24 ló kù. Ẹ rí i pé gbèsè ti di méjì. Lọ́dún 1838 wọ́n dín gbogbo owó náà kù sí mílíọ̀nù 90, ṣùgbọ́n láti san ìyẹn náà wọ́n tún ń yá owó lórí owó. Orí kọfí ló pọ̀ jù tí owó náà ti ń jáde, ìyẹn ni pé àgbẹ̀ tó wà lórí òkè, tí kò mọ Charles X rí, ni kọfí ẹ̀ ń lọ san gbèsè. Ọdún 1947 ni wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn gbèsè tó ṣẹ́ yọ láti ibẹ̀. Tí ẹnìkan bá wá bi mí pé kí ló dé tí Haiti ò fi ní sùkúù tó pọ̀ tó nígbà yẹn, ó dára, òun náà ẹ jẹ́ ká bi í, owó wo ni wọn ì bá fi kọ́ ọ? Mi ò ní ìyẹn nìkan ló fà á, àwọn olórí wọn náà jalè, ogun àárín ara wọn náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò lè sáré.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn. Òfin ọdún 1833 tí wọ́n fi fòpin sí oko ẹrú, mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni wọ́n là kalẹ̀, àwọn olówó ẹrú ni wọ́n kó o fún, ẹrú ò gba kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní láti ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ títí di 1838. Gbèsè tí wọ́n jẹ nítorí ẹ̀ wọ inú gbèsè ìjọba, ọdún 2015 ni wọ́n san èyí tó kù tán. Ọmọ ọmọ ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ ní London lọ́dún 2014, tí wọ́n ń yọ owó orí nínú owó oṣù ẹ̀, wà lára àwọn tó san án.

Ṣé gbogbo ìpinnu tó yí ayé padà ló burú ni?

Ó ti o. Àwọn tó dáa wà, wọn kì í kàn pariwo ni.

Costa Rica ja ogun abẹ́lé lọ́dún 1948, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. José Figueres tó ṣẹ́gun, dípò kó mú káwọn ṣójà pọ̀ sí i, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún yẹn ló lọ sí bárékè Bellavista, ó gbé òòlù ńlá, ó fọ́ ara ògiri ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ní kò sí ọmọ ogun mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ilẹ̀ wọn lọ́dún 1949. Bárékè yẹn ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Láti ìgbà yẹn, káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wọn ká, ṣójà ń gbàjọba, ogun ń jà, tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀, torí kò sí ṣójà tó máa gbà á, owó tí wọn ì bá sì fi ra ìbọn wà fún tíṣà àti dókítà.

Èyí tó sún mọ́ àwa ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ọdún 1952 ni Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gbé àbá ẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀, Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba, ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni sùkúù ṣí. Láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí ọ̀kẹ́ mẹ́tàlélógún (ó lé ní 450,000) lọ sí ohun tó lé ní 800,000. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ orí wọn, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi fọwọ́ kan etí òsì. Tó bá kàn án, ó ti tó sùkúù. Tí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Èèyàn tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún á ṣe é hàn yín bí ẹ bá bi í, ọwọ́ ẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n.

Kò lọ geere o. Tíṣà ò tó, wọ́n ń kó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé mẹ́fà tán lọ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn àgbẹ̀ ń bi pé ta ló máa wá bá wa ṣa kókó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ jáde tí wọn ò fẹ́ padà sóko, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ò sì tó wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ tó mọ̀wé yẹn, òun náà bímọ, kò sì ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ọmọ tiẹ̀ sí sùkúù, ìyẹn gan-an ni àyípadà. Lójú òbí ọdún 1950, ìwé jẹ́ ohun tí wọ́n ń yàn fún ọmọ kan nínú mẹ́fà. Lójú ọmọ wọn, kò sí nínú ohun tí wọ́n ń jiyàn lé mọ́.

Ẹni tó ṣe ìpinnu rere, ṣé ó máa ń jèrè ẹ̀?

Nígbà míì ìyà ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti bu owó orí pàtàkì lé aráàlú, ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀, kí wọ́n lè rí owó ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn èèyàn bínú. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC mú ìjókòó ju Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn, nílé ẹ̀ gan-an. Sùkúù ò tíì ṣí nígbà yẹn, owó nìkan làwọn èèyàn ti rí. Síbẹ̀ ìjọba Awólọ́wọ̀ ò padà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà.

Tá a bá ti rí i pé ìpinnu kan ò dáa, ṣé a ò lè kàn yí i padà ni?

Ó wà lọ́wọ́ ibi tó ti wọ̀ dé. Sweden ń wakọ̀ lápá òsì, àwọn aládùúgbò wọn ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Lọ́dún 1955 wọ́n bi aráàlú, ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò pé àwọn ò fẹ́ àyípadà. Ilé aṣòfin ṣì gbà á lọ́dún 1963, wọ́n fi ọdún mẹ́rin múra, wọ́n kọ́ ọmọ kọ́ àgbà, ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1967, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì dúró, wọ́n rọra sún sápá kejì, wọ́n dúró, aago márùn-ún lù, wọ́n ń lọ. Nàìjíríà náà ṣe tiwa lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Nkan tó wà lójú títì nìyẹn, ó ṣeé ṣe tí wọ́n bá múra.

Èyí tó bá ti wọ inú ilé ńkọ́? China ní kí tọkọtaya bí ọmọ kan ṣoṣo, bí ọdún 1980 ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2016 wọ́n ní ẹ lè bí méjì, 2021 wọ́n ní ẹ lè bí mẹ́ta. Àwọn èèyàn ò bí i. Lọ́dún 2022 iye àwọn ará China bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Torí pé láàárín nkan bí ọgbọ̀n ọdún lé márùn-ún yẹn, ilé ti di ilé ọmọ kan, ìnáwó ti di ìnáwó ọmọ kan, ẹni tó dàgbà láìní ẹ̀gbọ́n láìní àbúrò ò rí ohun tó burú nínú kí ọmọ tòun náà dá wà. Ìjọba lè fagi lé òfin ní wákàtí kan, kò lè pàṣẹ kí obìnrin kan fẹ́ ohun tí kò fẹ́.

Nípa àlífábẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Mo gbọ́ pé Tọ́kì yí tiwọn padà.

Bẹ́ẹ̀ ni, oṣù kọkànlá 1928. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ èdè wọn tẹ́lẹ̀, Atatürk tó jẹ́ ààrẹ wọn ní kí wọ́n bọ́ sí lẹ́tà Látìn, nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1929 ìwé tuntun gbọ́dọ̀ jáde ní lẹ́tà tuntun. Àwọn tó mọ̀wé kà pọ̀ sí i gan-an lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní kò wúlò ń parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ dúró níbi sàréè bàbá bàbá ẹ̀, kò lè ka orúkọ tó wà lára òkúta. Lẹ́tà ìfẹ́ tí ìyá àgbà kọ wà nínú àpótí, ó ti di àwòrán lásán. Èrè wà níbẹ̀, àdánù wà níbẹ̀, mi ò sì rò pé ọ̀kan lè pa ìkejì rẹ́.

Àwa náà ní tiwa. Àmì tí mò ń fi sísàlẹ̀ ẹ, ọ, àti ṣ bí mo ṣe ń tẹ èyí, Àjàyí Crowther àtàwọn míṣọ́nnárì ìgbà ayé ẹ̀ ló pinnu ẹ̀, wọ́n tún jókòó lé e ní Èkó lọ́dún 1875 láti fẹnu kò. Àwọn kíbọ́ọ̀dù fóònù tí kò ní àmì yẹn, tó ń jẹ́ kéèyàn kọ "oko" láìmọ̀ bóyá oko ni, ọkọ̀ ni, àbí ọkọ ni, ìpinnu ẹnìkan nínú ọ́fíìsì kan nìyẹn náà.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn ń di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó ti kú?

Ìbéèrè tó dáa nìyí, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn lé e títí ilẹ̀ fi ṣú. Rárá. Lugard, gómìnà òyìnbó, pa àríwá àti gúúsù Nàìjíríà pọ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1914, ìdí tó ga jù sì ni owó, àríwá ò lè gbọ́ bùkátà ara ẹ̀, owó tí gúúsù ń pa ni wọ́n fẹ́ fi dí i. Òótọ́ ni, ó ṣì ń dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Lugard ló ṣe gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo epo. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Olóìbìrì, ọdún 1969 ni Norway rí tiwọn, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn wa. Lọ́dún 1990 wọ́n ṣe òfin pé owó epo máa wọ àpò kan fáwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí, ọdún 1996 ni wọ́n fi owó àkọ́kọ́ sí i. Norway ti ní ìjọba tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kó tó rí epo, àwa ò ní in, mi ò ní fojú fo ìyẹn. Síbẹ̀ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì nígbà tí owó epo tiwa ń ya wọlé ní 1974, ọmọ Nàìjíríà ni, kì í ṣe òyìnbó. Ìpinnu tàná máa ń dín ọ̀nà tó wà níwájú wa kù, kì í sábà dí gbogbo ẹ̀ pa.

Mo fẹ́ wá ìpinnu tó wà nídìí ìgbé ayé tèmi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí yín, kẹ́ ẹ sì béèrè nkan kéékèèké: kí ló dé tẹ́ ẹ fi kúrò níbi tí wọ́n bí yín sí, lọ́dún wo, ta ló ní kẹ́ ẹ kúrò? Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n kàwé tí àbúrò ò kà? Ìlú wo ni réluwéè gbà, ìlú wo ló fò kọjá? Ẹ kọ ọdún tí wọ́n bá dá sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ wo ohun tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún yẹn tàbí ọdún kan méjì ṣáájú ẹ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa bára mu.

Mo béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà kan rí, pé kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ni kò mọ̀wé láàárín àwọn ọmọ ìyá ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ kankan fúngbà díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ gba orí gèlè, ó nà án títí ó fi kan etí òsì, ó wá ní lọ́jọ́ yẹn kò tó o, ó ku díẹ̀ báyìí, wọ́n ní kóun padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì tó di ọdún tó ń bọ̀ bàbá òun ti fi òun sọ́dọ̀ alárànṣọ.